Àǹtí Mi, Ẹ̀gbọ́n, àti Aràn Inú Fíríìjì

Wọ́n ní àǹtí mi ti jí aràn kan dìde nínú òkú. Wọ́n ní aràn náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, pé ó gùn tó okùn ìsáṣọ, pé ó ní eyín níwá lẹ́yìn, àti pé inú fíríìjì wa ló ń sùn. Wọ́n ní tí oòrùn bá ti ń wọ̀, àǹtí mi á gbé e jáde kó lè gbatẹ́gùn ní kọ́rídọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ búra pé òun gbọ́ tí aràn náà wúkọ́.

Èmi àti àǹtí mi la jọ ń sùn nínú yàrá tí fíríìjì náà wà, mi ò sì gbọ́ ikọ́ kankan rí. Ìhanrun ni mò ń gbọ́, àǹtí mi ló ni ín. Mo ti sọ fún un pé tí aràn kan bá wà nínú ilé wa lóòótọ́, ariwo imú rẹ̀ nìkan ti tó láti lé e padà sínú sàréè. Ó ní kí n máa fẹnu mi jẹun.

Àbúrò ìyá mi ni. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ó sì máa ń yan èèyàn jẹ ní lúdò bí ẹni pé ìjọba ló fún un láṣẹ. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyá Aràn, kì í sì í bínú sí i, nítorí pé òótọ́ ni: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ẹyin aràn nínú erùpẹ̀ sàréè àtijọ́.

Ẹ má tíì yínmú. Tí èèyàn bá kú, ẹran ara á jẹrà, ìfun á jẹrà, aràn tó ń gbé inú rẹ̀ láìsan owó ilé náà á jẹrà. Ṣùgbọ́n ẹyin aràn! Èèpo rẹ̀ le ju orí olóríkunkun lọ. Ó lè wà nínú erùpẹ̀ ibi tí ìbàdí olóògbé náà sùn sí láti ayé àwọn baba ńlá wa, kó kàn jókòó síbẹ̀, kó máa retí ẹni tó máa béèrè pé, "Ta nìyí?" Àǹtí mi lẹni tó ń béèrè.

Kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ o. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, inú lábù ilé ìwòsàn ló wà, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ aláìsàn ló ń wò láti àárọ̀ dọjọ́rọ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé iṣẹ́ yìí lé ọkọ púpọ̀ sá. Ọ̀kan wá bá a ṣeré nílé, wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ, ó wá béèrè tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Kí lẹ̀ ń ṣe níbi iṣẹ́ gan-an?" Àǹtí mi sì ṣàlàyé fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀, bó ṣe máa ń rí lórí gíláàsì. Ọkùnrin náà rántí lójijì pé òun ò ti ilẹ̀kùn òun kóun tó jáde. Di òní, kò tíì tì í tán.

Ẹni tó padà fẹ́ ẹ ni ọkùnrin kan tó ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ìbéèrè tiẹ̀ ni pé, "Nínú gbogbo ẹyin aràn, èwo ló lẹ́wà jù lójú yín?" Àǹtí mi ní òun mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti dé ilé ọkọ. Ọkùnrin náà ti di olóògbé, ṣùgbọ́n gíláàsì kékeré tó máa ń fi sójú tún aago ṣì ń rọ̀ sí àǹtí mi lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ lọ ni ìyá mi rán mi wá pé kí n máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ilé má baà dákẹ́ jù. Ilé ò dákẹ́ mọ́ látìgbà náà. Àǹtí mi ní kí ìyá mi wá gbé ẹrù rẹ̀.

Ohun tó gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn ni pé wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé tuntun kan lórí òkè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ni ṣọ́bìrì bá kan egungun. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dé, wọ́n rí i pé itẹ́ òkú àtijọ́ ni. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ní ìbéèrè kan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń bá àwọn ọmọ fínra lẹ́bàá odò, ìgbà wo ló ti di ará ilé wa? Àwọn kan ní kò tíì pẹ́ tó dé. Àwọn kan ní ó ti wà tipẹ́. Ọ̀gá yìí ní ilẹ̀ ló máa sọ. Ó wá béèrè ní ilé ìwòsàn pé ta ló mọ ojú ẹyin aràn jù níbí. Gbogbo ìka tó wà nínú lábù ló nà sí àǹtí mi. Ó gba iṣẹ́ náà. Ó ní òkú sàn ju alààyè lọ, òkú kì í bínú pé èsì òun pẹ́.

Báyìí ló ṣe di pé ó mọ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni egungun obìnrin kan tí wọ́n kọ́kọ́ wú. Àǹtí mi ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún ọdún ju èèyàn lọ, èèyàn ò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ nìyí, ẹ fi sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Tí àǹtí mi bá dé orí egungun, kì í bu erùpẹ̀ ìbàdí nìkan, níbi tí àpò ìtọ̀ àti ìfun wà nígbà ayé ẹni náà. Ó máa bu ti abẹ́ agbárí. Ó máa bu ti ibi ẹsẹ̀. Ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣíbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo bi í nígbà kan pé ṣé Ẹ̀gbọ́n máa ń fi orí tọ̀ ni. Ó fa etí mi díẹ̀, ó ní, "Tí mo bá rí ẹyin ní ìbàdí, tí mo tún rí i lórí, tí mo tún rí i lẹ́sẹ̀, á jẹ́ pé inú ilẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe ti Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìbàdí nìkan, olúwa rẹ̀ ló gbé e lọ sí sàréè." Mo ní ó yé mi. Ó ní òun ò gbà pé ó yé mi, pé ojú mi ti ń wo ẹran inú ìkòkò.

Ẹyin tó rí, ìbàdí nìkan ló wà. Ọjọ́ yẹn, ó fò wọlé bí ọmọ tó yege ìdánwò. Ó pariwo ní kọ́rídọ̀ pé, "Mo ti rí i! Ara Ẹ̀gbọ́n ni mo ti rí i!" Gbogbo ilé gbọ́. Ẹ ti wá mọ bí òkìkí ṣe ń bí ọmọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró sí ẹ̀rín, kò burú. Ṣùgbọ́n Tata ṣàìsàn.

Tata ni ọmọ-ọmọ Ìyá Onílé. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ. A sọ ọ́ ní Tata nítorí pé kì í rìn, ńṣe ló ń fò: á fò lọ sílé ìwé, á fò délé, á fò kọjá lórí ẹsẹ̀ mi tí mo bá nà án. Nígbà tó yá, mo na ẹsẹ̀ mi títí, Tata ò fò ó, ó yí i ká. Ó wá ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún. Ojú rẹ̀ funfun. Ó máa ń di ikùn mú tó bá fẹ́ tọ̀. Ìyá Onílé tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ìparí ìtọ̀ náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tó wá sọ fún wa, àǹtí mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi dáhùn. "Mà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Mo mọ̀ ọ́n. Oògùn rẹ̀ wà, kò tiẹ̀ pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ lára rẹ̀, á ba àpò ìtọ̀ rẹ̀ jẹ́."

Ìyá Onílé wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "O mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà."

"Bí kì í bá ṣe ìwọ lo kó o wọ ilé mi, níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

Ìyá Onílé ò dúró gba èsì.

"Àìsàn tó ti sàréè wá," ni Ìyá Onílé wí, "oògùn alààyè ò ràn án. Mi ò ní gbé ọmọ ọlọ́mọ fún wọn kí wọ́n máa gún un bí ìrọ̀rí. Ilé ló máa wà, màá máa fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ títí ohun tí o jí á fi padà sùn."

Bó ṣe rí nìyẹn. Omi gbígbóná. Tata ń rù, àǹtí mi ò lè jẹun. Ó máa jókòó, á ní, "Ọmọ yẹn ń ṣòfò lójú mi, oògùn sì wà níbẹ̀ yẹn." Kódà kò yan mí jẹ ní lúdò mọ́. Mo jáwé olúborí léraléra, kò dùn mọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àǹtí mi wà lẹ́yìn ilé tó ń sá aṣọ, Ìyá Onílé ya wọ yàrá wa, ọ̀pá ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ṣí fíríìjì yẹn."

"Ẹ rọra o, Mà," mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Ó gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ sókè. Mo ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì díẹ̀díẹ̀. Omi wà níbẹ̀, tòmátì wà níbẹ̀, ìgò ńlá kan náà sì wà níbẹ̀, ohun inú rẹ̀ rí bíi pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ó ní irun tínínrín tínínrín.

"Kí... kí lèyẹn?"

"Apá ìrù rẹ̀ nìyẹn, Mà. Orí rẹ̀ ò gba inú ìgò." Mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́, mo bu ú kún, mo gbé e sẹ́nu.

Igbe tí Ìyá Onílé ké, mo rò pé àwọn tó wà nínú itẹ́ òkú gbọ́. Àǹtí mi sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù léjìká. Ó rí mi tí omi ń dà lójú mi, torí pé atalẹ̀ lílọ̀ ni, ó sì ta ju ohun tí mo rò lọ. "Ìwọ ọmọ yìí! O fẹ́ pa ìyá àgbà fún mi? Mà, ẹ má bínú, atalẹ̀ ni. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ìyá Onílé fi ìka tọ́ ọ. Ó tún fi ìka tọ́ ọ. "Ó dára fún àyà," ló wí, ó sì ní kí n bu díẹ̀ sínú ife fún òun. Àmọ́ kò lọ. "Níbo wá ni aràn yẹn wà?"

Àǹtí mi gbé aṣọ tútù kalẹ̀. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn. "Mà, ẹ wá wò ó fúnra yín níbi iṣẹ́ mi lọ́la. Ẹ mú Tata dání."

Ẹ̀rù lè ba Ìyá Onílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rù tó lágbára tó ojú tó fẹ́ rí nǹkan. Ní ọjọ́ kejì, ó ti múra kí n tó bọ́jú. Ó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ ìgbéyàwó.

Bàtà náà, ẹnu ọ̀nà ló sùn sí. Ní ẹ̀yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí èèyàn tó wọ yàrá àǹtí mi, ó gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, kó wọ sálúbàtà tó wà níbẹ̀, kó fọwọ́ títí dé ìgúnpá. Inú yàrá náà mọ́ ju ilé ìdáná wa lọ. Àwọn asẹ́ kéékèèké tò sórí ara wọn, ojú èyí tó wà nísàlẹ̀ sì há débi pé omi gan-an ń tọrọ ààyè kó tó kọjá. Lórí tábìlì gígùn, nínú páálí tó ṣí sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni àǹtí mi wí. "A ní àlejò."

Ìyá Onílé di ọwọ́ mi mú. "Ó máa ń dáhùn?"

"Kò tíì dáhùn, Mà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé."

Ó fi Ìyá Onílé jókòó sídìí awò ńlá tó ń sọ eruku di òkè. Ó ní kó dijú kan, kó fi kan wò. Ìyá Onílé kọ́kọ́ rí ìpéǹpéjú ara rẹ̀, ó sì kí i. Lẹ́yìn náà ló tún sún mọ́ ọn. "Nǹkan kan rèé... ó rí bíi hóró ìrẹsì. Ẹ̀gún kan wà nídìí rẹ̀."

"Òun nìyẹn. Erùpẹ̀ ìbàdí Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ̀gún yẹn ló ń ya ara tí ìtọ̀ fi ń pọ́n."

"Èyí tí mo rò pé ó gùn tó okùn?"

"Òun ni, Mà."

Àǹtí mi wá yíjú sí mi. Ó ní kí èmi àti Tata jáde lọ sí àgbàlá, ká máa fò. Ó ní ọ̀sán gan-an, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti fò dáadáa, ni ẹyin yẹn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. A fò. Tata fò bí àgbàlagbà, mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tata wo ló ń fi ọ̀pá rìn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún fò. Lẹ́yìn náà ló tọ̀ sínú ìgò kékeré. Àǹtí mi ò gbé e wọlé o. Ìtọ̀ alààyè kì í wọ yàrá òkú, erùpẹ̀ òkú náà kì í jáde. Awò mìíràn ló gbé sí kọ́rídọ̀, ibẹ̀ ló ti ṣe é, ibẹ̀ náà ló ti pe Ìyá Onílé.

Ìyá Onílé wò ó. Hóró ìrẹsì. Ẹ̀gún nídìí.

"Ẹ rí i báyìí, Mà?" Ayọ̀ kún ojú àǹtí mi. "Àrùn kan náà ni! Èyí tí a mọ̀ tipẹ́, tó ní oògùn!"

Ìyá Onílé dìde fùú. "Mo rí i! Ọ̀kan náà ni! Ojú mi báyìí lo ti fi í hàn mí! Èyí tó wà lára òkú yẹn ló wà lára ọmọ mi!" Ó fa Tata lọ́wọ́. "Ó di ilé!"

Àǹtí mi fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀rí tó kó jọ láti fi gba ọmọ náà là, òun ni Ìyá Onílé fẹ́ fi dè é mọ́lé.

Àwọn bàtà ìgbéyàwó yẹn ló gbà wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ wọ́n, wọ́n ti fún un lẹ́sẹ̀, ó ń bá wọn jà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì ń yí ká yàrá bó ti ń ṣe níbi gbogbo. Ó rí ọ̀rá mẹ́ta tó tò sí ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. "Orí. Ìbàdí. Ẹsẹ̀." Ó dúró. "Èwo lo fi hàn mí?"

"Ìbàdí, Mà."

"Kí ló dé tí o fi àwọn tó kù pamọ́?"

"Mi ò fi wọ́n pamọ́, Mà. Ẹ jókòó kí ẹ wò wọ́n."

Ó tún bọ́ bàtà. Ó wo ti orí. Ó fi ojú ọ̀tún wò ó, ó fi ti òsì wò ó. Àǹtí mi ń pààrọ̀ gíláàsì, ó ń wò. "Mi ò rí nǹkan kan. Yanrìn ni."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni, Mà."

"Tẹsẹ̀ ńkọ́?" Ó wo ti ẹsẹ̀ náà. Ó gbé ojú sókè. "Ó pẹ́ tí obìnrin yìí ti sùn síbẹ̀, àbí?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, Mà."

"Láti ìgbà yẹn, ohun tó wà ní ìbàdí rẹ̀ ò lọ sí orí rẹ̀?"

"Kò lọ, Mà."

"Kò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀?"

"Kò kúrò lójú kan."

Ìyá Onílé wo Ẹ̀gbọ́n. Ó wo ìbàdí, ó wo orí, ó fi ọwọ́ wọn àárín wọn lókèèrè. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. "Ọ̀lẹ wo rèé! Èyí tí kò lè ti ìbàdí dé orí, òun ni wọ́n ní ó wọ bọ́ọ̀sì wá sí ilé mi?"

A rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀gá tẹ́ẹ́rẹ́ fi yọjú láti yàrá kejì. Ẹ̀rín Ìyá Onílé ló kọ́kọ́ tán. "Níbo wá ni ọmọ mi ti kó o?"

Tata ló dáhùn. Ó ti wà nídìí àwo kan láti ìgbà náà, níbi tí wọ́n to karawun ìṣáwùrú kéékèèké sí, èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn wú nínú ojú ìṣàn omi àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. "Mo mọ eléyìí! Irú rẹ̀ wà ní kòtò omi ẹ̀yìn ilé ìwé wa. Ibẹ̀ la ti máa ń fọ ẹsẹ̀. Apá òsì lẹnu tiwọn náà wà!"

Àǹtí mi kúnlẹ̀ ti Tata. Ó ní ìṣáwùrú yẹn ni ilé aràn náà nígbà tó ṣì kéré. Ẹyin inú ìtọ̀ á bọ́ sómi, á pa, ọmọ rẹ̀ á wọ inú ìṣáwùrú. Tó bá jáde, á gba awọ ẹsẹ̀ ẹni tó dúró nínú omi wọlé. "Àwọn ará Ẹ̀gbọ́n gbẹ́ ojú omi wá sí oko wọn. Èèyàn pe omi, omi pe ìṣáwùrú, ìṣáwùrú pe aràn. Bó ṣe mú Ẹ̀gbọ́n ló ṣe mú ìwọ náà."

"Ṣé ó dun Ẹ̀gbọ́n náà?"

"Ó dùn ún. Kò sì sí oògùn nígbà tiẹ̀."

Ìyá Onílé ti wọ bàtà tán. "Ìyá Aràn, kí lò ń kúnlẹ̀ ṣe? Ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ ibí jù?"

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ọ̀pá wọn gíga Tata láti mọ iye oògùn tó máa lò. Ó gbé e mì, ó sì yọ ahọ́n sí mi torí pé mo sọ fún un pé atalẹ̀ ni. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi dé ibi ẹsẹ̀ mi ní kọ́rídọ̀. Kò yí i ká. Ó fò ó, ó tún padà wá fò ó.

Ìyá Onílé ló wá di agbẹnusọ wa. Ó kó àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gba oògùn, kí ọmọ má wọ kòtò yẹn mọ́. Wọ́n gbọ́, wọ́n lọ. Pé ó tún fi kún un pé òun àti Ẹ̀gbọ́n bọ ara àwọn lọ́wọ́, ìyẹn ò kàn wá.

Ẹnì kan ló wá béèrè ìbéèrè tó dà á láàmú, ló bá gbé e wá bá wa níbi tí àǹtí mi ti tún ń yan èmi jẹ ní lúdò. "Ìyá Aràn, wọ́n ní bí èèyàn bá da omi sí ẹyin ti Ẹ̀gbọ́n yẹn ńkọ́? Ṣé kò ní pa?"

Àǹtí mi ta ọmọ lúdò rẹ̀ síwájú ju bó ti yẹ lọ. "Omi ni mo fi ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, Mà. Kò lè pa. Inú rẹ̀ ti ṣófo kí ìlú yìí tó wà: èèpo lásán ni."